Ikọ́ Tibesigwa àti Ọmọ Tuntun Inú Igbó

Ẹ̀yin ará mi, ẹ fa àga yín wá, àmọ́ ẹ má fara kanra; ẹ óò mọ ìdí rẹ̀ kí n tó dákẹ́. Ìtàn kan wà lẹ́nu mi, ti ọkùnrin kan, ìyàwó rẹ̀, àti ikọ́ kan tó fẹ́ bá wọn wọ igbó. Ẹ má wí pé ikọ́ lásán ni. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Ní abúlé Rukungwe, lẹ́bàá igbó Bwindi ní ilẹ̀ Ùgáńdà, Tibesigwa ló máa ń ṣíwájú àwọn àlejò tó bá fẹ́ wo ìnàkí. Àjàkálẹ̀ àrùn dé, wọ́n ti igbó pa, àlejò dáwọ́ dúró. Apẹ̀rẹ̀ tí Kebirungi, ìyàwó rẹ̀, máa ń hun tà fún wọn kò rí olùrà mọ́, títí adìyẹ fi sọ ọ́ di ibi ìyé ẹyin.

Nígbà tó yá, ìròyìn dé pé wọ́n fẹ́ ṣí igbó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń wọlé wo ẹranko sì mú ìròyìn mìíràn wá: Kahara ti bímọ. Abo ìnàkí ni Kahara. Tibesigwa ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ ni ọkùnrin náà ti ń fọ bàtà òjò rẹ̀ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ bàtà náà kò dọ̀tí.

Ó ku ọ̀la kí àlejò àkọ́kọ́ dé, Kebirungi wà nídìí iná, ó ń se kúkúńdùkú. Ó gbọ́ ohùn lẹ́yìn ilé: "Hùn-ùn. Hùn-ùn."

Ẹni tó bá ń súnmọ́ ìnàkí ní láti kọ́kọ́ ha ọ̀fun báyẹn, kí wọ́n lè mọ̀ pé àlàáfíà ló bá wá. Àwọn náà a sì dáhùn.

"Bàbá Ninsiima, kí lẹ ń ṣe lẹ́yìn ilé?"

"Mò ń kí ìnàkí ni."

"Láti ibi tí a ń sá ẹ̀wà sí?"

"Ó ti pẹ́ tí mo kí wọn kẹ́yìn. Mò ń fi kọ́ra ni."

Kebirungi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohùn náà tún dé, kò dúró lọ́fun mọ́. Inú àyà ló ti ń bọ̀, ó sì ká ọkùnrin náà kò bí ewé. Obìnrin tó ti bá ọkùnrin gbé títí orí àwọn méjèèjì fi funfun mọ ikọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ìkíni rẹ̀.

"Ìkíni yẹn mà gùn o," ló wí. "Ṣé gbogbo mọ̀lẹ́bí wọn lẹ ń kí lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Èéfín ni."

"Èmi ni mo wà nídìí iná, ẹ̀yin lẹ ń wúkọ́ èéfín."

Wọ́n ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí Rwamahe yọ. Òun àti Tibesigwa ni wọ́n jọ ń mú àlejò wọ igbó.

"Ṣé nítorí èyí lo ṣe fajú ro?" ni Rwamahe wí. "Fi ata ilẹ̀ sẹ́nu. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń nà síni níwájú orí lẹ́nu ọ̀nà igbó, ara gbígbóná ló ń wá, kò mọ ikọ́. Gbé oògùn ibà mì kó o tó kúrò nílé, ara rẹ á tutù bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Bí o bá sì wúkọ́ lókè, wọn á ní ìnàkí lò ń kí."

Àwọn ọkùnrin méjèèjì rẹ́rìn-ín. Kebirungi kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Rwamahe lọ, Tibesigwa rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá Ninsiima, dákun, bá mi wá oògùn ibà yẹn. Bí mi ò bá lọ lọ́la, ẹlòmíràn ni yóò rí ọmọ Kahara ṣáájú mi. Ojú mi báyìí ni Kahara ṣe dàgbà."

Ẹ̀bẹ̀ náà wọ obìnrin náà lára ju ìbínú lọ. Ó gbé ìkòkò omi, ó ní òun ń lọ sídìí omi. Kò lọ sídìí omi. Ilé ìwòsàn abúlé ló gbà lọ, lọ́dọ̀ Natukunda, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ọmọ àbúrò Tibesigwa. Lójú ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé aṣọ ọkọ òun lòun ń lọ bọ́ lójú ọjà. Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró.

Natukunda wá sílé wọn, ó fi ìbòmú bo imú àti ẹnu. Kò wọlé, ìta ló dúró sí.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá. Mo gbọ́ pé ẹ ń kí ìnàkí láti ilé."

Tibesigwa wo ìyàwó rẹ̀. Wíwò náà dun Kebirungi ju èébú lọ.

Nọ́ọ̀sì fi òwú tín-ín-rín ṣe àyẹ̀wò imú rẹ̀, wọ́n dúró de èsì. Nígbà tó yá ó ní, "Kì í ṣe àrùn àjàkálẹ̀ yẹn. Òtútù lásán ni."

Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, Tibesigwa ti ń wá bàtà rẹ̀.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Òtútù lásán ni fún yín. Ó lè jẹ́ ikú fún wọn. Ara wọn jọ tiwa, ohun tó ń ṣe wá ló ń ṣe wọ́n, àmọ́ wọn kò ní ilé ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ẹ gbà, ẹ̀yin ló wà fún. Ta ni yóò fún Kahara? Bí oògùn ibà bá sì mú ara yín tutù, ẹ̀rọ nìkan lẹ tàn. Ikọ́ ṣì wà láyà."

"Èmi ò ní súnmọ́ wọn púpọ̀."

"Bàbá, nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Ninsiima bímọ, ta ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó lé ìyá àgbà Kobugabe padà sílé, pé imú rẹ̀ ń ṣomi?"

Tibesigwa tẹrí ba. Kobugabe ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Títí ìkórè ọkà bàbà ni kò fi bá a sọ̀rọ̀.

"Èmi ni," ló wí.

"Ọmọ tuntun ni ti Kahara náà."

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà wá sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an. "Bí ara mi bá tilẹ̀ yá, ìbòmú ni mo máa wọ̀. Wọn kò rí mi láti ọjọ́ yìí wá. Ṣé wọn á mọ̀ pé èmi ni?"

Kebirungi ló dá a lóhùn. "Ṣé ẹnu yín ni mo fi ń dá yín mọ̀? Bó bá jẹ́ ẹnu ni, ǹ bá ti padà sílé bàbá mi tipẹ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Tibesigwa, ikọ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó mú fóònù fúnra rẹ̀, ó pe ọ̀gá wọn: "Ikọ́ ń ṣe mí. Mi ò ní lè wá lọ́la." Ọ̀gá ní kó sinmi, pé ààyè rẹ̀ ń dúró dè é.

Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó síta, ó ń gbọ́ bí mọ́tò àlejò ṣe ń gun òkè. Kebirungi jókòó sí òdìkejì, ó ń hun apẹ̀rẹ̀. Ó bu obushera, ohun mímu ọkà bàbà, fún un nínú igbá ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ wọn a máa mu nínú igbá kan náà tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ rọ̀, Rwamahe dé, ó dúró lẹ́bàá ọgbà. "A dá àlejò kan padà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀fìnkìn ń dà á láàmú. Wọ́n yí ọjọ́ rẹ̀ padà fún un, kò jà." Ó fọwọ́ ra orí. "Mo rí ọmọ náà. Irun rẹ̀ dúró gan-an bíi tìrẹ bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra, mo sì rántí oògùn ibà tí mo ní kó o mì. Ojú tì mí, ọ̀rẹ́."

Nígbà tó yá, ikọ́ náà lọ pátápátá. Nọ́ọ̀sì yẹ ọkùnrin náà wò, ó ní kó máa lọ. Ó fọ ọwọ́, ó wọ ìbòmú, ó kó àwọn àlejò tirẹ̀ gun òkè, ó sì dá wọn dúró sí ọ̀ọ́kán. Akọ ìnàkí ńlá gbórí sókè, ó wò ó. Tibesigwa ha ọ̀fun láti abẹ́ ìbòmú náà.

Nígbà tó dé ilé, kò kan ilẹ̀kùn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Hùn-ùn. Hùn-ùn."

Láti inú ilé, Kebirungi dáhùn: "Hùn-ùn. Ṣé wọ́n mọ̀ yín?"

"Wọ́n mọ̀ mí."

Ẹ̀yin ará, àlejò ti ń padà bọ̀ nílẹ̀ wa, ẹ jẹ́ ká gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ká má sì fi àrùn kí wọn káàbọ̀. Bí ikọ́ tàbí ibà bá ń ṣe yín, ẹ dúró sílé, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹ má fi oògùn bo ara gbígbóná mọ́lẹ̀. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ igbó, ẹ wọ ìbòmú, ẹ fi mítà mẹ́wàá sáàárín yín àti ìnàkí, bó ti wù kí wọ́n mọ̀ yín tó. Kí ọ̀gá má sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sọ òtítọ́ àìsàn rẹ̀, kí ẹlòmíràn lè sọ tirẹ̀.

Kebirungi ló sọ ọ́ fún mi, níbi tí a ti ń pa ẹ̀wà lágbàlá rẹ̀. Ó ní bí mo bá máa sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, kí n má fo ibi tí òun kò ti lọ sídìí omi.