Asẹ́ Tí Kò Dọ̀tí

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2016, Masila Nthenge yọ asẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ tó ń fa eruku nínú ìsọ̀ rẹ̀ ní Wamunyu, ìlú àwọn agbẹ́gilére. Ó bá a tó ti dúdú bí ìdí ìkòkò, inú sì bí i, nítorí kò tíì pé oṣù kan tó rà á ní ìlú Machakos.

Agbẹ́gilére ni Masila, bí baba rẹ̀ ti jẹ́. Níbẹ̀, ọkùnrin ló ń gbẹ́ igi, obìnrin ló ń fi sáńpépà ha á títí yóò fi máa dán. Kalondu ìyàwó rẹ̀ ló ń ha àgùnfọn àti àgbáǹréré tó bá gbẹ́. Tẹ́lẹ̀, abẹ́ igi ni obìnrin náà máa ń jókòó sí, atẹ́gùn a sì gbé eruku lọ. Nígbà tí àwọn oníbàárà òkè òkun ń béèrè ọjà púpọ̀, Masila ra ẹ̀rọ sáńpépà oníná, iṣẹ́ bá wọ inú yàrá onípáànù. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn fún un ní ẹ̀rọ asẹ́ eruku: àpótí kan tó ní fáànù nínú, tó ń fa afẹ́fẹ́ eléruku wọlé níwájú, tó sì ń tu èyí tó mọ́ jáde lẹ́yìn.

Masila kì í fọkàn tán oníṣòwò. Ó rántí alárinà tó kó ère ogójì lọ lọ́wọ́ baba rẹ̀, tó ní ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn ti rì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà rí àwọn ère náà lórí àtẹ ní Mombasa. Ó sọ fún Kalondu pé Ndeto, ọkùnrin tó ń ta asẹ́ ní Machakos, mọ̀ọ́mọ̀ ń ta irú èyí tó ń tètè dọ̀tí, kí ènìyàn lè máa padà wá rà.

Kalondu ní, “Bàbá Mutheu, ẹ ò ṣe kúkú bi í bóyá ó ní èyí tí owó rẹ̀ rọjú díẹ̀?”

“Ṣé wọ́n ń bi ológbò bóyá ẹja ṣẹ́ kù ni?”

Kyengo ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń jó irin lẹ́bàá títì, ló bá a wá ọgbọ́n sí i. Kyengo ní asẹ́ kì í ṣe oògùn, aṣọ ni. Ó gé ojú àpótí náà fẹ̀, ó kan férémù igi sí i, ó sì ta aṣọ kọ́tìnì funfun lé e. Férémù náà kò gún dáadáa. Ìka kan lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo ẹ̀gbẹ́.

Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà sínú iṣẹ́ ère ní Wamunyu mọ ìdánwò aṣọ funfun. Bí ère bá dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́, ayẹ̀ṣẹ́wò a fi aṣọ funfun nù ún. Bí aṣọ bá mọ́, wọ́n gba ère náà. Bí eruku bá lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n dá a padà fún aya ẹni. Láti kékeré ni Masila ti mọ̀ pé aṣọ tó mọ́ ni ẹ̀rí iṣẹ́ tó mọ́. Nítorí náà, nígbà tó yọ aṣọ kọ́tìnì wò lẹ́yìn oṣù méjì, tó rí i pé ó ṣì funfun, ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé e yí àdúgbò ká, ó ní kí wọ́n wá wo ẹ̀rí pé olè ni Ndeto. Àwọn agbẹ́gilére mìíràn náà yọ asẹ́ tiwọn sọnù, wọ́n lọ ra kọ́tìnì.

Ní oṣù Kẹjọ ni Kalondu bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́ gbígbẹ. Ọkàn Masila lọ sọ́dọ̀ Syokau, aládùúgbò wọn tó máa ń gbé ẹ̀kọ ọkà bàbà wá fún Kalondu. Òun àti Syokau ti jọ jà rí nítorí ààlà oko. Lọ́jọ́ kan ó dá Syokau dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó máa gbé ẹ̀kọ rẹ̀ padà. Syokau kò bá a jà. Ó gbé igbá sẹ́nu, ó mu ẹ̀kọ náà tán níṣojú rẹ̀, ó nu ẹnu.

“Bí mo bá kú lálẹ́ yìí, Bàbá Mutheu, ẹ bá mi sọ fún ọkọ mi pé ebi kọ́ ló pa mí.”

Ikọ́ náà kò lọ. Ilé ìwòsàn kékeré yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ife, wọn kò rí i. Masila ní wọ́n ń fi nǹkan pamọ́. Nígbà tí oṣù Kejìlá yóò fi dé, Kalondu kò lè dé ibi omi láìjókòó lọ́nà. Masila gbé e lọ sí Machakos, dókítà obìnrin kan ya àwòrán àyà rẹ̀, ó sì bi wọ́n ní iṣẹ́ wọn.

Masila dáhùn pé àwọn ń gbẹ́ ère, ìyàwó òun ló ń ha á, ṣùgbọ́n kì í ṣe eruku ló fà á, nítorí àwọn ní ẹ̀rọ asẹ́, aṣọ inú rẹ̀ sì mọ́ tónítóní láti oṣù Kẹrin.

Dókítà dáwọ́ ìkọ̀wé dúró. “Bàbá, ṣé ẹ máa ń sẹ́ oyin nílé yín?”

“Ta ni kì í sẹ́ oyin?”

“Tí ẹ bá sẹ́ ẹ tán, tí asẹ́ yín mọ́ tónítóní, níbo ni afárá wà?”

“Á ṣì wà nínú oyin,” Masila wí. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti ilẹ̀kùn ìsọ̀, ó tan ẹ̀rọ. Oòrùn gba ojú ihò ìṣó kan wọlé láti orí páànù. Nínú ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ó rí eruku tó ń tú jáde lẹ́yìn àpótí bí ìyẹ̀fun lẹ́nu ọlọ. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ férémù: afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ kọjá, kò tilẹ̀ fara kan aṣọ.

Ó lọ bá Ndeto, ó ti múra fún ẹ̀gàn. Ndeto kò gàn án, ó fi àga lọ̀ ọ́. Ó ṣàlàyé pé ìdọ̀tí ara asẹ́ ni eruku tí kò wọ àyà ènìyàn. Kò sì sọ pé dandan ni kó ra èyí tó wọ́n. Ó mú asẹ́ pẹlẹbẹ kan wá, irú èyí tó ń sẹ́ atẹ́gùn inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Ó ní kí ó rí i pé wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó ń mú eruku tó kúnná. Kí aṣọ wà níwájú rẹ̀ láti mú èérún igi, kí wọ́n máa gbọn aṣọ náà níta pẹ̀lú ìbòmú. Kí wọ́n fi rọ́bà tíúbù kẹ̀kẹ́ yí etí férémù ká kí afẹ́fẹ́ má rí ẹ̀gbẹ́ gbà. Bí atẹ́gùn tó ń jáde lẹ́yìn bá ti rọ̀, ó tó àkókò láti pààrọ̀ asẹ́. Ẹni tó ń ha igi kò sì gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀rọ bọ́ ìbòmú, kí wọ́n sì fi omi wọ́n ilẹ̀ kí wọ́n tó gbálẹ̀.

Masila bi í pé kí ló dé tí kò sọ èyí tẹ́lẹ̀.

“Gbogbo ẹni tó bá béèrè ni mò ń sọ fún,” Ndeto dáhùn.

Masila lọ bẹ Syokau. Ó tún ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ń rọ àwọn tó fi kọ́tìnì hàn pé kí wọ́n yọ ọ́. Àwọn kan gbà. Àwọn mìíràn ní Ndeto ti fún un lówó ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ha igi, tí ẹ ń gé òkúta tàbí tí ẹ ń lọ nǹkan nínú yàrá, kò sí ohun tó burú nínú wíwá èyí tí owó rẹ̀ rọjú. Ẹ wá a, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, bí ẹ kò bá tilẹ̀ fẹ́ràn ojú rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan nínú ilé bá ń wú ikọ́ tí kò lọ, ẹ tètè gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè ya àwòrán àyà rẹ̀, kí ẹ sì sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe.

Kalondu ṣì wà láàyè. Apá tó bàjẹ́ lára ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò. Kò lè ha ère mọ́, kò sì lè pọn ọmọ tí Mutheu, ọmọ wọn, bí.