Ta Ló Yọ Gílóòbù Ilé Àwọn Ọmọbìnrin?

Igbe Nimotou, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iléèwé, ni wọ́n gbọ́ lálẹ́. Kí Tántí Antoinette, alábòójútó ilé àwọn ọmọbìnrin, tó gbé fìtílà dé, ọmọ ti wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ọwọ́ rẹ̀ ti kán.

Antoinette gbójú sókè. Gílóòbù ò sí. Ó wọ yàrá, kò sí níbẹ̀ náà.

"Bàbá Adamou ni!" ló pariwo. "Òun nìkan ló wà nílé nígbà tá a lọ jẹun!"

Adamou ni olùṣọ́. Kíá, dìrẹ́tọ̀ iléèwé ní bílẹ̀ bá ti mọ́, kó kẹ́rù rẹ̀ kúrò ní Riviera, àdúgbò wọn ní Abidjan.

Ọdún 1984 nìyẹn, tí ọ̀dá mú, tí omi tó ń gbé iná wá gbẹ, tí iná ń ṣe ségesège káàkiri Abidjan. Antoinette ló ń kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n má fi iná ṣòfò. Ó gba gbogbo àyọ́ọ̀nù wọn, ó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ó tún dá orin sílẹ̀, orin tó dùn débi pé ẹ ẹ̀ bá jó:

*Pa á o, ọmọ mi, pa á,*
*iná tó o bá pa lọ́dọ̀ wa*
*ló ń tàn fún aboyún lọ́sibítù.*

Láàárọ̀, ó lọ bá Adamou ní ẹnu géètì. Bàbá ń di ẹní, ẹsẹ̀ kan nà gbọọrọ, kò ṣeé ká.

"Bàbá, níbo lẹ kó wọn sí?"

"Antoinette, ìwọ tó ò ń kí mi láràárọ̀?"

Ojú ti Antoinette. Bẹ́ẹ̀dì òkè lèèyàn gbọ́dọ̀ gùn kọ́wọ́ tó tó gílóòbù yàrá. Ẹsẹ̀ yìí ṣe máa gùn ún? Iná sì ń tàn nígbà tí wọ́n lọ jẹun, ó tiẹ̀ bá wọn wí. Gílóòbù gbóná nígbà náà. Aṣọ ni wọ́n fi dì í mú.

Ọmọ méjì ló dìde nídìí oúnjẹ lálẹ́ àná. Ó pè wọ́n.

"Martine, ṣé ìwọ ni?"

"Eh, pardon, Tántí! Èmi tẹ́ ẹ ń lé kúrò nídìí ìwé lálaalẹ́! Kí ni màá fòkùnkùn ṣe? Ṣé òwìwí ni mí?"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín.

"Clémentine ńkọ́?"

"Mo lọ múra sùtánà mi sílẹ̀ fún ìsìn, Tántí."

Sùtánà funfun náà wà lára ìkọ́. Àmì jíjó róbótó wà létí rẹ̀.

"Kí ló jó o?"

"Àyọ́ọ̀nù ni. Àná ni mo lọ̀ ọ́."

"Àyọ́ọ̀nù ta? Kọ́kọ́rọ́ wọn rèé lọ́rùn mi."

Clémentine kúnlẹ̀, ó fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gílóòbù kún inú rẹ̀.

"Mo gun bẹ́ẹ̀dì, mo fi sùtánà dì wọ́n mú. Ti àtẹ̀gùn, àga ni mo gùn. Ìyá mi wà lọ́sibítù, wọ́n fẹ́ bímọ, iná ń lọ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti paná níbí, Martine á tún tàn án. Mo ní bí gílóòbù ò bá sí..." Ó bú sẹ́kún. "Mi ò mọ̀ pé Nimotou máa ṣubú. Tántí, ṣé iná wa ò dé ọ̀dọ̀ wọn ni?"

Kí orin lè dùn ni Antoinette ṣe fi aboyún sí i. Ta ló ń bu iná bí omi lọ sí ọsibítù?

Ó lọ bá dìrẹ́tọ̀. "Clémentine ló yọ ọ́. Orin mi ló rán an. Ẹnu mi ló lé Bàbá Adamou."

Bàbá ti dé etí títì, ó ń dúró de gbákà, ọkọ̀ èrò. Antoinette kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Dìrẹ́tọ̀ ní kẹ́ ẹ padà."

Bàbá wò ó títí. Ó na ẹrù sí i.

"Gbé e."

Ó gbé e rù. Bí wọ́n ṣe ń wọlé, àwọn ọmọ ti ń kọrin lókè: *Pa á o, ọmọ mi, pa á...* Bàbá ń mi orí sí i. Nígbà tó kan ìlà aboyún, ó bojú wẹ̀yìn wo Antoinette.

Antoinette ti ń bá wọn kọ ọ́ bọ̀, ṣùgbọ́n kò kọ ìlà yẹn.