Aṣọ Ọ̀fọ̀ Rachelle

"Kámẹ́rà mi yìí, bí mo bá gbé e dúró lórí òkè Dasà, yóò rí èèrà tó ń jẹun lọ́jà Glazoué, yóò sì sọ bóyá iyọ̀ tó sínú oúnjẹ náà."

Éloi ló ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run wọ́n. Níbi tó ti ń ju ọwọ́ sókè sódò ni gíláàsì pẹlẹbẹ kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó já lu àpáta, ó fọ́ yángá-yángá.

Gíláàsì yẹn kì í ṣe ohun ìṣeré. Gervais, àbúrò bàbá rẹ̀ tó fún un ní kámẹ́rà àlòkù náà, ti kìlọ̀ fún un pé ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ojú ènìyàn kò lè rí, àmọ́ tí kámẹ́rà yìí ń rí. Bí oòrùn bá mú, ìmọ́lẹ̀ náà a máa sọ aṣọ dúdú mìíràn di pupa nínú fọ́tò, pàápàá èyí tó ń dán bí ọ̀rá. Gíláàsì tí wọ́n ń fi bo ojú kámẹ́rà ló ń dí i lọ́nà. Éloi kó àfọ́kù rẹ̀ dà sínú igbó, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe Mísà ìrántí Ìyá Àgbà Blandine, wọ́n sì pe Éloi kó wá ya fọ́tò ẹbí. Àdúgbò kan náà ni ẹbí náà àti Éloi ń gbé. Ta ni kò jẹ iṣu sísun ìyá yẹn? Nígbà tí Éloi àti Rachelle, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ṣì kéré, bí wọ́n bá ti ilé-ìwé dé, ìyá á ti fi ewé bo iṣu gbígbóná dè wọ́n, á ní kí wọ́n tètè jẹ ẹ́ kí òkè má baà gbọ́ òórùn rẹ̀ kó wá bu tirẹ̀. Iṣu náà tóbi débi pé, bí wọ́n bá gbẹ́nu lé e lónìí, ọ̀túnla ni wọ́n ń gbẹ́nu kúrò. Ohun tó kù lára ìyá báyìí ni fọ́tò àtijọ́ kan nínú férémù. Rachelle, nínú aṣọ dúdú tó ń dán, ló gbé e dání láàárín ẹbí.

Lọ́jọ́ kejì, Éloi kó fọ́tò dé. Aṣọ gbogbo ènìyàn dúdú. Ti Rachelle nìkan ló pọ́n bí omi ìsápá. Bàbá Séraphin, àkọ́bí ìyá, béèrè ohun tó fà á. Ẹnu Éloi yá ju ọpọlọ rẹ̀ lọ. Ó ní kámẹ́rà òun ń rí inú ọkàn. Ẹni tí kò bá ṣọ̀fọ̀ dénú, dúdú á sá kúrò lára aṣọ rẹ̀.

Ó rò pé wọn yóò rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn tantí, àbúrò Bàbá Séraphin, rántí pé Rachelle kò sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú. Wọ́n ní kí wọ́n tún fọ́tò yà, kí Rachelle bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹlòmíràn gbé ìyá. Rachelle di férémù náà mọ́ àyà. Ó ní òun kò sunkún torí ìyá fúnra rẹ̀ ló bẹ òun pé kí òun má sunkún. Éloi wolẹ̀.

Rachelle wọlé, ó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ó wọ òmíràn, ó sì fi èyí tó bọ́ bo ewúrẹ́ kan tí wọ́n so sójú oòrùn.

"Yà á," ó wí fún Éloi.

Éloi yà á. Bàbá Séraphin gba kámẹ́rà, ó tẹjú mọ́ ọn pẹ́. Aṣọ ewúrẹ́ pọ́n bí omi ìsápá.

"Éloi," ó pè é jẹ́ẹ́, "ṣé ewúrẹ́ wa náà kò ṣọ̀fọ̀ Màmá dénú ni?"

Ẹ̀rín bú. Éloi kákò, ó jẹ́wọ́ gíláàsì tó fọ́. Rachelle kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

"Ká ní o sọ ọ́, gíláàsì nìkan ni ìbá fọ́," ó ní. "Orúkọ mi lo fi dí ojú kámẹ́rà rẹ."

Irọ́ tí ènìyàn bá fi bo àṣìṣe ara rẹ̀, ẹlòmíràn ló máa ń gbé e wọ̀ bí ẹ̀wù. Ọjọ́ náà ni Éloi mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ ní kí wọ́n má bínú, àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn tantí ti ń wá ọmọrogùn. Ló bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó gba ọ̀nà òkè, bàtà ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ewúrẹ́ tó ti já okùn ń sá tẹ̀ lé e nínú aṣọ ọ̀fọ̀.