Nusirat Tó Mọ Ọjọ́ Orí Àwo Orin

"Ẹ gbà wọ́n o! Wọ́n ti fẹ́ pa ara wọn nínú yàrá Nusirat!"

Ìyá Lucky, aládùúgbò wọn, ló figbe ta bẹ́ẹ̀. Ó ń fọṣọ lójúde ilé wọn ní Ajégúnlẹ̀, ọṣẹ kún ọwọ́ rẹ̀, ló bá gbọ́ tí ọkùnrin kan ń jágbe lédè òyìnbó, tí gìtá ń han bí irin tí wọ́n ń wọ́ lórí sìmẹ́ńtì, tí ìlù sì ń dún gbì-gbì-gbì bí ẹni ń fẹsẹ̀ jálẹ̀kùn. Kíá, gbogbo ará ilé ti pé sẹ́nu ọ̀nà. Ta ni wọ́n bá nínú yàrá? Nusirat nìkan ni. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń mi orí bí aláǹgbá, àwo orin dúdú kan sì ń yí lórí ẹ̀rọ níwájú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Orin ni."

"Orin! Kí ni wọ́n ṣe fún ẹni tó kọ ọ́?"

"Pọ́ǹkì ni wọ́n ń pè é, mà. Inú ló ń bí wọn."

"Ó hàn!" ni Ìyá Lucky wí. Àmọ́ kó tó padà dé ìdí báàfù rẹ̀, èjìká rẹ̀ ti ń bá ìlù náà lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Nusirat, ó sì wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Mansur, àbúrò ìyá rẹ̀, ló máa ń kó ẹrù tòkunbọ̀ jáde láti ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creek Road: fíríìjì, fáànù, àga onítìmùtìmù. Àwo orin ni àwọn tó di ẹrù náà lókè òkun fi há àárín àwọn àga, kí wọ́n má baà máa gbá ara wọn. Mansur fẹ́ kó wọn dà nù. Nusirat ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi." Bí òwò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ò rí i bó ṣe ń yẹ àwo wò! Á kọ́kọ́ gbóòórùn páálí rẹ̀, torí àwo tó ti bọ́ sómi rí kò lè fi èébu pamọ́. Á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di etí àwo náà mú, á gbé e sóòrùn, á dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, gbogbo àpá ara rẹ̀ á sì yọ síta. Lẹ́yìn náà á fi èékánná tọ́ àpá náà wò jẹ́ẹ́. Èyí tí èékánná ò bá mọ̀ lára, ariwo díẹ̀ ló máa ṣe. Èyí tí èékánná bá kọsẹ̀ níbẹ̀, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà máa kọsẹ̀ níbẹ̀.

Ó wá fún wọn lọ́jọ́ orí. Àwo tí kò lápàá kankan, ọmọ tuntun ni. Èyí tó lápàá wẹ́wẹ́, tí ohùn rẹ̀ ṣì já gaara, géńdé. Àgbàlagbà a máa wúkọ́ díẹ̀. Arúgbó a máa gbàgbé ọ̀rọ̀, a máa fò láti ibì kan bọ́ síbòmíràn. Òkú ni èyí tí kò lè kọrin mọ́ rárá. Ẹ gbé e kọ́ ògiri.

Ọ̀gá Azubuike, bàbá onírùngbọ̀n funfun kan tó ti ṣiṣẹ́ létí omi kó tó fẹ̀yìn tì, máa ń ṣí ọgbà ilé rẹ̀ ní Apapa sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé fún àwọn tó ń ta àwo orin. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe: ohun tí ẹni tó ń tà bá pe àwo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kó rí. Nusirat nìkan ni ọmọdé tó fún ní tábìlì láàárín àwọn bàbá onígíláàsì ojú. Nusirat fẹ́ràn tábìlì yẹn ju bàtà ọdún lọ.

Lọ́jọ́ kan, ó ń tú páálí tuntun tí Mansur gbé wá, ló bá kan àwo kékeré kan tí wọ́n ya àkùkọ tó wọ bàtà sójà sí. Ó pariwo. Àwo yìí gan-an ni Ọ̀gá Azubuike ń wá! Bàbá tó bí ọ̀gá náà ló fi orúnkún ṣẹ́ tirẹ̀ sí méjì nígbà tí ọ̀gá wà nílé ìwé, torí ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí ilé sùn.

Nusirat gbé e sóòrùn. Ó fi èékánná tọ́ ọ. Èékánná kọsẹ̀ ní orin kẹta.

"Arúgbó ni," ló wí, ojú rẹ̀ sì fà ro.

Perpetual, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ń dirun, pòṣé. "Nusi, arúgbó lo fẹ́ gbé lọ bá wọn? Àwọn bàbá yẹn á fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Wò ó, irun tó gbó bí kànìnkànìn, tí màámi bá ti fi òróró àgbọn pa á, dídán ló máa dán."

"Àwo kì í ṣe irun, Pẹ̀pẹ́."

"Ṣé o fẹ́ kí inú bàbá yẹn dùn ni àbí o ò fẹ́?"

Nusirat fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí gbogbo ọgbà sọ pé òun ló rí i, òun sì rí i ní ọmọ tuntun. Ni wọ́n bá fi òróró àgbọn pa àwo náà lára. Ó dán débi pé Perpetual ń fi tún ojú ara rẹ̀ ṣe.

Nígbà tí Ọ̀gá Azubuike rí àkùkọ náà ní Sátidé, ó gbá orí mú. "Chineke! Nusirat! Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Ọmọ tuntun ni, sà." Ohùn rẹ̀ kéré.

Ìdùnnú ò jẹ́ kí bàbá yìí rántí àpò owó. Ó sáré gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ, gbogbo ọgbà sì pagbo yí i ká. Ohùn olórin náà ń jáde bí ẹni ń sọ̀rọ̀ látinú kòtò omi. Nígbà tó dé orin kẹta, abẹ́rẹ́ fò, ó padà, ó fò, ó padà. Ọ̀gá Azubuike gbé àwo náà sókè. Ó ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbóòórùn ìka rẹ̀.

"Ṣé àwo yìí ń lọ síbi ìgbéyàwó ni? Ta ló fòróró pa á lára?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Mansur, tó bá wọn gbẹ́rù wá, ti ń sọ pé, "Bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe ti òkè òkun dé, sà…"

"Rárá, Bùọ̀dá mi," ni Nusirat wí. "Èmi ni. Mo mọ̀ pé arúgbó ni. Mo purọ́."

Ọ̀gá Azubuike ò bú u. Ó kàn dá àwo náà padà fún un, ó ká tábìlì Nusirat, ó sì fi í ti ògiri. Ìyẹn dun Nusirat ju ìgbájú lọ.

Nígbà tí wọ́n délé, Perpetual ní, "Èmi ni mo kó bá ẹ."

"Ìwọ kọ́ lo sọ pé ọmọ tuntun ni," ni Nusirat dáhùn. Ó po omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀, ó fi síńgílẹ́ẹ̀tì Mansur tó ti gbó nu gbogbo ojú àwo náà, ó sì gbé e síbi òjìji kí oòrùn má baà ká a. Àpá náà ṣì wà níbẹ̀ rekete.

Ní Sátidé kejì, òun àti Perpetual padà lọ láìjẹ́ pé wọ́n pè wọ́n. "Ẹ káàárọ̀, sà. Mi ò wá tajà. Arúgbó ni àwo yìí. Orin méjì àkọ́kọ́ já gaara. Ìkẹta á fò níbi tí gìtá ti wọlé."

Bàbá gbé e sórí ẹ̀rọ. Orin àkọ́kọ́ bú jáde, ló bá bọ́ bàtà! Ẹ wo bàbá onírùngbọ̀n funfun tó ń fò sókè bí ọmọ tí wọ́n fún ní ọlidé! Nígbà tí orin kẹta sì kọsẹ̀ níbi tí Nusirat wí gẹ́lẹ́, gbogbo ọgbà bá a kọsẹ̀, wọ́n ń fò, wọ́n ń padà, ẹ̀rín pa wọ́n.

Nígbà tó sinmi, Ọ̀gá Azubuike wọlé lọ gbé àwo kan tó wé sínú aṣọ wá. "Wo tèmi yìí. Ọmọ tuntun ni, àbí?"

Nusirat dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójú oòrùn. Àpá púpọ̀ yí ihò àárín ká, bíi ti àwo tí wọ́n ti gbé sẹ́nu ẹ̀rọ láìmọye ìgbà. Lẹ́yìn bàbá, gbogbo àwọn tó ń tajà ń ṣẹ́jú sí i: sọ pé ọmọ tuntun ni! Perpetual gan-an ń mi orí sí i pé kó sọ bẹ́ẹ̀.

"Àgbàlagbà ni, sà. Ẹ ti gbádùn ẹ̀ jù."

Bàbá wò ó títí. Ló bá rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Àtọdún yìí ni mo ti ń bi wọ́n! Torí pé inú ilé mi ni wọ́n ti ń tajà, gbogbo wọn ń pe àgbàlagbà lọ́mọ tuntun fún mi!" Ó kọjú sí wọn. "Ẹ̀yin òpùrọ́ wọ̀nyí, ẹ gbé tábìlì ọmọ yìí wá. Àárín gbùngbùn ni kẹ́ ẹ gbé e sí."

Wọ́n ra ọjà rẹ̀ lọ́jọ́ náà títí àwọn òkú àwo pàápàá fi rí ẹni gbé wọn lọ kọ́ ògiri.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, kì í ṣe mímọ̀ tí Nusirat mọ àwo ló gba tábìlì padà fún un. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa lọ́jọ́ tó pàdánù rẹ̀. Òótọ́ tó sọ ló gbà á, lójú ẹni tó lè lé e dànù, níbi tí irọ́ ti máa dùn mọ́ gbogbo èèyàn. Bí ẹ bá ti purọ́, ẹ tètè jẹ́wọ́. Bí wọ́n bá sì tún bi yín léèrè, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí.