Aago Tí Kò Ní Àpá

Aago náà kò ní àpá. Ohun tó kọ́kọ́ kọ mí lóminú nìyẹn. Àárín irin ni Fàrúúkù àbúrò mi ń gbé, ẹ̀yà ara alùpùpù ló ń tà ní Dapoya nílùú Ouaga. Òrùka rẹ̀ ti họ, fóònù rẹ̀ ti là. Ṣùgbọ́n aago góòlù ọwọ́ rẹ̀, tó dàgbà ju èmi àti òun lọ, ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú páálí.

Mi ò ní purọ́, ó wù mí. Ojú rẹ̀ funfun bíi wàrà, okùn awọ rẹ̀ rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Tí ẹ bá gbé e sétí, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń lù jẹ́jẹ́ bí ọkàn ẹni tó ń sùn. Àwọn oníbàárà á máa wò ó títí wọn á fi gbàgbé ohun tí wọ́n wá rà.

"Ta ló fún ẹ?" ni mo bi í.

"Alaaji Nuru ni, Àǹtí Ìdíátù, ọkùnrin ẹ̀yà Mossi kan ní àdúgbò Koulouba. Mo gbé ẹ̀yà alùpùpù lọ fún un, ó kàn bọ́ ọ lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó ní sàráà ni. Ó gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́ sí i. Mo ní àmín, mo dúpẹ́, barka. C'est tout, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Àdúrà wo lo ṣe àmín sí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ní í bèèrè bẹ́ẹ̀?"

Òótọ́ ló sọ. Ẹnu àwa Mùsùlùmí Yorùbá yá sí àmín ju oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo sàráà ni ẹ̀bùn. Nígbà mìíràn, ìṣòro ara rẹ̀ lonítọ̀hún ń gbé lé ọ lọ́wọ́, àmín rẹ sì ni ìdè rẹ̀.

Láìpẹ́, ojú Bàlíkíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ọmọ kan ṣoṣo tí Fàrúúkù ní nìyẹn, orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kú sí. Àpá tín-ín-rín bíi ti abẹ, lẹ́rẹ̀kẹ́, lọ́rùn, léjìká. A ní ológbò ni. Nígbà tó yá, a ní àwọn ọmọ iléèwé ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé oúnjẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bàlíkíìsì jókòó sórí táyà, ó ń jẹ ẹ̀pà. Fàrúúkù nawọ́ mú irin kan, aago náà sì ha ẹnu irin. Gíláàsì rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n lára. Ọmọ náà ló pariwo. Ojú mi méjèèjì ló ṣe: awọ iwájú orí rẹ̀ là gbọọrọ, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

A gba Koulouba lọ. Alaaji Nuru kò sá. Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ọmọbìnrin rẹ̀ ń fo okùn níwájú rẹ̀, àpá àtijọ́ bo ọmọ náà látorí dé ẹsẹ̀.

"Mo jogún rẹ̀ ni," ó sọ ọ́ ní èdè Dioula, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ìyà tó yẹ kó jẹ aago, ọmọ ẹni tó ni ín ló ń jẹ ẹ́. Ẹ fọ́ ọ, ẹ ti fọ́ ọmọ. Ẹ jù ú sómi, omi á gbé ọmọ lọ."

"A ó tì í mọ́nú àpótí," ni Fàrúúkù wí.

"Mímì ọwọ́ ẹni ló ń mú un ṣiṣẹ́. Nínú àpótí, á dúró, ọkàn ọmọ á sì bá a dúró." Ó wo ọmọ rẹ̀. "Ẹ wá ẹni tó lọ́mọ, kó ṣe àmín."

Mo ṣépè fún un títí a fi jáde. Lójú ọ̀nà, mo ní, "Fàrúúkù, gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ ẹlòmíràn kì í ṣe ọmọ wa."

"Àǹtí, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú. Ẹni tí kò bá fura, ara rẹ̀ ni kó dá lẹ́bi."

Ó gbìyànjú. Ó gbé e dé ẹnu mọ́sálásí, ó gbé e dé ọjà. Àwọn ará Ouaga kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n á wo góòlù náà, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹni tó bá fọkàn tán ọ nìkan ló lè ṣe àmín láìbèèrè.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ó wá sílé mi, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó ní òun ti rí ẹnì kan. Mo jó, mo pa adìẹ. Kò jẹ níbẹ̀, kò sì wojú mi títí ó fi lọ. Èmi náà ò bi í pé ta ni.

Kò pẹ́ tí ọkọ mi, Jìbírílù, wọlé. Ó ti tó oṣù kan tó ti lọ ra aṣọ ní Cotonou, kò gbọ́ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nimọta ọmọ wa ń sùn ní yàrá, ọmọ tí mo bí lẹ́yìn tí àwọn ẹbí ọkọ ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó.

"Ìyá Nimọta, wá wo nǹkan," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

Aago góòlù náà ló wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

"Àbúrò rẹ ló wá pàdé mi ní Patte d'Oie níbi tí bọ́ọ̀sì já wa sí. Ó ní sàráà ni, kí n má tíì sọ fún ẹ."

"Kí lẹ dá a lóhùn?"

"Kí lo fẹ́ kí n wí? Àmín ni mo wí."

Ó ń tú okùn awọ aago náà kí n lè rí i dáadáa. Mo ní kó má tú u, ó ti tú u tán. Aago bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó balẹ̀ gbà sórí sìmẹ́ńtì.

Mi ò wò ó. Mo mọ̀ pé kò ní àpá. Ẹnu ọ̀nà yàrá ni mo kọjú sí, mò ń retí kí Nimọta ké.

Kò ké.