Òfìfo Abẹ́ Táìlì

"Ẹ̀yin ará Kútọnu yìí náà ni! Ẹ ti gba iṣẹ́ táìlì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó wá ku ìrànwọ́ káńsù, àbí?"

Diamond sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà, kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Adéfúnmiláyọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìwé bo fọ́ọ̀mù ọwọ́ rẹ̀.

Káńsù fẹ́ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan san owó ìdánwò àṣekágbá. Bí Adéfúnmiláyọ̀ kò bá rí i gbà, ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ṣèdánwò, òun yóò máa wò wọ́n. Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kó wọn wá sínú yàrá kan ní Mafoluku. Nínú fọ́ọ̀mù náà, níbi tí wọ́n ti béèrè ìlú tí wọ́n bí i sí, ó kọ "Ìsọlọ̀". Lọ́sẹ̀ kejì, orúkọ rẹ̀ jáde lára àwọn tí káńsù máa san owó fún.

Ní Sátidé, ó bá bàbá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Èjìgbò. Bàbá ń fi ìka kan táìlì tí wọ́n tẹ́ lánàá lọ́kọ̀ọ̀kan: kó, kó, kó. Ó dé orí èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ohùn yí padà: pò! Ó bá hú u.

"Bàbá, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mà ni. Ta ló máa rí i?"

"Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ni. Sìmẹ́ńtì ò kún abẹ́ rẹ̀. Ó lè máa dán lónìí, Fúnmi, àmọ́ ọjọ́ tí ẹrù bá jókòó lé e ló máa là."

Ọmọbìnrin náà rántí "Ìsọlọ̀" tó kọ sínú fọ́ọ̀mù.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyáàfin Ọládùnní, tó ń bójú tó ìrànwọ́ náà ní ọ́fíìsì káńsù. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, irọ́ ni mo kọ. Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n bí mi sí."

Obìnrin náà yọ awò ojú rẹ̀. "Ta ló sọ fún ẹ pé ẹni tí wọ́n bí síbòmíì ò lè gbà á? Ṣé o ka ìwé náà ni? Ẹni tó bá ti gbé àdúgbò yìí fún ọdún mẹ́ta, tó sì ń kàwé níbí, ó tó."

"Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ, mà."

"Ó ti bọ́. A kì í tún fọ́ọ̀mù tí irọ́ wà nínú rẹ̀ kọ. Ká ní òótọ́ lo kọ ni, wọn ì bá ti san tìẹ."

Ó sunkún títí dé Mafoluku. Nígbà tó délé, ó nu ojú, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Bàbá ò nà án. "Oṣù méjì ló kù kí wọ́n ti ìwé ìforúkọsílẹ̀," ló wí. "Wá po sìmẹ́ńtì."

Gbogbo Sátidé àti gbogbo ọjọ́ ìsinmi ló fi ṣiṣẹ́. Eékún rẹ̀ bó, ọwọ́ rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kí oṣù kejì tó pé, ó ti mọ táìlì tẹ́ ju àwọn kan tó bá lẹ́nu iṣẹ́ lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa ti ìwé, òun fúnra rẹ̀ ló fi owó iṣẹ́ rẹ̀ san owó ìdánwò.

"Ọmọ Kútọnu, ta ló san án fún ẹ?" Diamond béèrè.

Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síta. "Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tanni jẹ. Ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ wá bá bàbá mi, wọ́n ń wá òṣìṣẹ́. Àmọ́ kó mọ̀ pé wọ́n máa ń kan táìlì wò o!"

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n Diamond wá síbi iṣẹ́.

Adéfúnmiláyọ̀ ti wá mọ̀ pé irọ́ lòun fi sọ ohun tí òótọ́ ì bá fún òun nù. Lọ́jọ́ ìdánwò, nígbà tó ń kọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ́kọ́ pín, ó dé ibi tí wọ́n ti béèrè ìlú ìbí. Ó kọ "Kétu, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀" gàdàgbà gadagba, ó sì fi ìka kan tábìlì: kó.

Abẹ́ rẹ̀ kún.