Ojú Ewé tí Ọmọ́yẹni Fò

Nígbà tí Ọmọ́yẹni kàwé dé ibi àdúrà Baba Wa, Fadá Ayọ̀dàmọ́lá wúkọ́. Ọmọ́yẹni ò gbójú sókè. Ó ń kà á lọ.

Bí wọ́n ti máa ń ṣe nìyẹn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ nílé Fadá, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà tó wà l'Ọ́fà. Ìwé àdúrà mẹ́rin ni Fadá ti kọ. Ìkarùn-ún ló wà lọ́wọ́ yìí. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, nítorí náà Ọmọ́yẹni, tó wà ní kíláàsì àṣekágbá ní girama, ló ń bá a tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Bó bá tẹ̀ ẹ́ tán, á kà á sókè, Fadá á dijú, á máa gbọ́. Lọ́la ni ìwé náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé, kó lè jáde kí Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú ewé kan ti ká Ọmọ́yẹni lára lọ́jọ́ Ajé. Ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé ni Fadá. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé nígbà ìjà ilẹ̀ tó wáyé láàárín ìlú òun àti Ọ̀fà, àká bàbá òun jóná, àti pé fún ọdún mọ́kànlá, bí òun bá dé "bí a ti ń dárí ji àwọn tó ṣẹ̀ wá," òun kì í lè pè é. Òun á wúkọ́, òun á fò ó, àní níwájú pẹpẹ.

Inú bí Ọmọ́yẹni. Nínú ìjà yẹn kan náà ni oko kaṣú bàbá àgbà rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ Ọ̀fà, jóná, Fadá ò sì mẹ́nu bà á. Ọmọ́yẹni sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, òṣìkà ni. Ló bá pa ojú ewé náà rẹ́.

Fadá tún wúkọ́. "Òtútù kọ́ ló mú mi o. Ibi tí mo máa ń fò tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ìwọ náà ti wá fò ó."

Ọmọ́yẹni wá gbójú sókè. "Fadá, ẹ má bínú. Oko bàbá àgbà mi náà jóná. Ẹ ò kọ ọ́."

"N ò mọ̀, o ò sì sọ fún mi." Fadá lajú. "Mo gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan lóòótọ́. Ìwọ wá pa ẹnu ẹni yẹn náà dé. Ta ló sàn nínú wa?"

Ó ní ìwé náà ò ní lọ mọ́ lọ́la, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ìdí rẹ̀, Ọmọ́yẹni ni yóò dá a lóhùn. Lẹ́ńtì dé, ìwé ò dé. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá ti jáde ní Máàsì, àwọn ìyá ìjọ á béèrè, Ọmọ́yẹni á sì jẹ́wọ́.

Ó tún ojú ewé náà tẹ̀. Ó gbé ìwé àti bírò lọ bá bàbá àgbà rẹ̀, ó kọ tiẹ̀ náà sílẹ̀. Bàbá ní òun ò tíì dárí ji ẹnì kankan, kó kọ ìyẹn náà. Fadá ní kó wà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e pé, Ọmọ́yẹni ka méjèèjì sókè láìfo ọ̀rọ̀ kan. Kò sẹ́ni tó wúkọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀rọ̀ bá ń dùn yín, ẹ sọ ọ́ jáde. Ẹni tó pa tẹlòmíràn rẹ́ kò tíì sọ tirẹ̀.